Ta Ló Ni "Austerity Measures"?

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú láyé Shagari, ẹ ò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Ìrẹsì wọ́n, austerity measures ni. Ọ̀gá kò san owó oṣù, austerity measures ni. Kódà, ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran, òun náà ni! Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni austerity ti ṣẹ̀. Ohun tó bá ń fa ahọ́n pọ̀, bí ìgbà téèyàn jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n, ni wọ́n fi ń pè. Measures kì í sì í ṣe kóńgò tí àwọn ìyá wa fi ń wọn gaàrí. Ìgbésẹ̀ ìjọba ni. Pa méjèèjì pọ̀: ìgbésẹ̀ tí ìjọba gbé láti dín ìnáwó kù. Ọ̀wọ́ngógó lè tẹ̀lé e, àmọ́ ọ̀wọ́ngógó fúnra rẹ̀ kọ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá jẹ ẹ́ yó. Ogun Hitler parí ní 1945, ẹ óò rò pé oúnjẹ yóò pọ̀. Rárá o. Búrẹ́dì tí wọn kò fi ìwé pín lójú ogun, July 1946 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé pín in, ó sì di July 1948. Orúkọ Sir Stafford Cripps, mínísítà ìnáwó láti 1947 sí 1950, ló lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà jù. Ẹran ló kẹ́yìn, ní July 1954. Fàyàwọ́ kò ṣàì sí, ṣùgbọ́n olówó àti tálákà ló ní ìwé ìpín lọ́wọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ni Ààrẹ Shehu Shagari bá gbé òfin jáde ní April 1982. Ọjà òkè òkun kan di èèwọ̀, òmíràn di ti láísẹ́ǹsì. Measures gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì ọ̀hún di ọjà. Ẹni tó mọ èèyàn ló ń rí i gbà. Lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba ní December 31, 1983, aráàlú ṣì ń tò fún wàrà àti ṣúgà tí wọ́n ń pè ní "essenco".

Nítorí náà, bí tíṣà bá ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́fà láìgbowó, ẹ má pè é ní austerity measures. Gbèsè ni. Bí oníṣòwò bá ti ìrẹsì mọ́ yàrá kí ó lè wọ́n, ọ̀kánjúà ni. Austerity measure ní ẹni tó fọwọ́ sí i, ó ní ọjọ́ tó fọwọ́ sí i, a sì lè bi í léèrè. Àwa la sọ ọ́ di ọ̀dá tí kò ní olúwa, ara sì tu àwọn tó jẹ gbèsè.

Ní 1986, SAP dé. Gbogbo ohun tó ń jẹ́ austerity tẹ́lẹ̀ wá ń jẹ́ SAP, títí kan ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran.