Ìlapa Èrò àti Ìtàn Tí Ó Yà Kúrò Lójú Ọ̀nà

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, láti Ọ̀pẹbí títí dé Agége, ohun tí olùkọ́ máa ń kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ kọ àròkọ ni ìlapa èrò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá tẹ̀ lé tirẹ̀ dé òpin ni wọ́n ń sọ pé kò mọ ibi tí ó ń lọ. Ìwé tí a tẹ̀ ni ó fa àṣìṣe yìí. Ilé-iṣẹ́ Longman wà ní Òpópó Ọba Akran ní Ìkẹjà fún ọdún pípẹ́. Ìwé tí ń ti irú ibẹ̀ jáde a máa dán, kì í sí àpá ìgékúrò kankan lára rẹ̀. Ta ni yóò wá mọ̀ pé òǹkọ̀wé ti ṣìnà rí?

Chinua Achebe ṣìnà. Iṣẹ́ rédíò ni ó ń ṣe ní Èkó nígbà tí ó ń kọ Things Fall Apart, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn Okonkwo nìkan ni ó pète. Ìran mẹ́ta ni ó fẹ́ kó sínú ìwé kan ṣoṣo: Okonkwo, Nwoye ọmọ rẹ̀, tí ó gba ẹ̀sìn Kristi tí ó sì di Isaac, àti Obi ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí ó kàwé nílùú òyìnbó, tí ó wá ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó. Ní 1956, nígbà tí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ BBC ní London, ó fi ìwé àfọwọ́kọ náà han Gilbert Phelps, òǹkọ̀wé tí ó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Phelps fẹ́ràn rẹ̀, ó sì fẹ́ fi han àwọn atẹ̀wé. Achebe kò gbà. Ó ti rí i pé ìran mẹ́ta ti sọ ìtàn náà di ọbẹ̀ tí omi pọ̀ jù. Nígbà tí ó padà dé, ó gé apá kejì àti ìkẹta kúrò, ó sì tún apá kìíní kọ.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó ní. Ó fi í ránṣẹ́ sí London pẹ̀lú £22 kí wọ́n lè bá a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Oṣù gorí oṣù, kò gbúròó. Àfìgbà tí Angela Beattie, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, dé London ní 1957 tí ó sì lọ bá àwọn ènìyàn náà ni wọ́n tó ṣe é. Ìwé náà jáde ní 1958. Ìtàn Obi di No Longer at Ease ní 1960. Ti Isaac ńkọ́? Ó hàn nínú ìwé kejì gẹ́gẹ́ bí baba arúgbó, ṣùgbọ́n ìwé tirẹ̀ gan-an kò jáde láéláé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìran tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gba ìwé àti ìgbàgbọ́ mọ́ra. Àdánù ńlá ni.

Ti Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, yàtọ̀. Ìránṣẹ́ ni ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ọjọ́ díẹ̀ ni ó fi kọ The Palm-Wine Drinkard ní àkọ́kọ́, ó sì fi bí oṣù mẹ́ta fẹ̀ ẹ́ lójú kí Faber tó tẹ̀ ẹ́ ní 1952.

Ìṣòro I. B. Thomas ni ó le jù. Láti 1929 títí wọ 1930 ni ó ń gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin kan ni ó ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́. Kò sí àyè àtúnkọ fún un: ohun tí a tẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ti wà lọ́wọ́ àwọn ará Èkó. Àwọn òǹkàwé gbà pé Ṣẹ̀gilọlá wà láàyè. Wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀, òun náà sì ń fèsì nínú lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e. Achebe lè padà sẹ́yìn lọ gé ìtàn tirẹ̀. Ọ̀nà iwájú nìkan ni Thomas lè yà sí, lójú gbogbo ìlú, títí tí ó fi kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé ní 1930.