Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀: Ọpọlọ

Ọpọlọ (ọ̀rọ̀ orúkọ, re-re-re): ohun rírọ̀ inú agbárí tó ń darí gbogbo ara. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣọ́ ohùn o! Bí ẹ bá pè é ní ọ̀pọ̀lọ́, ẹ ti dárúkọ ẹran tó ń fò kiri lásìkò òjò nìyẹn.

Ọpọlọ àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi kílò 1.4. Apá òsì rẹ̀ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, apá ọ̀tún ló ń darí ọwọ́ òsì. Àwọn iṣan tín-ín-rín ni ìránṣẹ́ rẹ̀: wọ́n ń kó ìròyìn wá láti ara, wọ́n sì ń gbé àṣẹ padà.

Ẹ wo ọmọ tó fọwọ́ kan ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná. Ọwọ́ rẹ̀ á ti fà sẹ́yìn kó tó ké "yéè!" Kí ló fà á? Inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni àṣẹ àkọ́kọ́ ti wá, kí ewu má baà pọ̀. Ìgbà tí ìròyìn dé ọpọlọ ni ọmọ tó mọ̀ pé ó ta òun. Ọpọlọ á sì fi ẹ̀kọ́ náà pamọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ọmọ á wá àkísà fi di ìkòkò mú.

Ìlò: "Ọpọlọ rẹ̀ jí pépé": ó tètè ń lóye. "Lo ọpọlọ rẹ": ronú kí o tó ṣe é.

Ẹ tọ́jú tiyín. Ẹ jẹun dáadáa, ẹ sì tètè sùn, nítorí bí ẹ ti ń sùn ni ọpọlọ ń to ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà jọ.