LÁTI ỌKỌ̀ AGOLO DÉ ỌKỌ̀ RÌMÓÒTÙ

Ọmọ tó bá dàgbà ní Ìjagun nígbà tiwa, tó bá ní òun ò fi agolo mílíìkì ṣe lọ́rì rí, irọ́ ló ń pa. Agolo ni ara ọkọ̀. Ìdérí ìgò tàbí sílípáàsì gbígbó tí a gé róbótó ni táyà. A ó wá ọ̀pá gígùn kan, a ó fi wáyà dè é mọ́ ẹsẹ̀ iwájú, a ó sì so wáyà róbótó mọ́ orí rẹ̀ bíi sìtíárìn. Ẹnu wa ni ẹ́ńjìnnì. Bí a bá dúró, ọkọ̀ dúró nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn fa wáyà rédíò wọ ilé àwọn èèyàn l'Ékòó; ní 1939 ó dé Ìbàdàn. Àpótí náà ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn, la bá ń pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ṣùgbọ́n kí tiwa tó dé rárá ni Nikola Tesla ti fi ìgbì rédíò ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ní 1898, ní Madison Square Garden ní New York, ó gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan sójú omi, ó dúró lókèèrè, ó sì ń darí rẹ̀ láìsí okùn, láìsí wáyà. Ní 1906, Leonardo Torres Quevedo, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, dúró ní etí omi ní Bilbao, ó darí ọkọ̀ ojú omi níṣojú ọba Alfonso Kẹtàlá. Ọ̀pá wa ti di afẹ́fẹ́!

Ọgbọ́n yìí ló bí rìmóòtù ọlọ́pàá méjì tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ òfurufú ìṣeré. Irú rẹ̀ kan, àlòkù, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí rà, ó sì fẹ́ fi wa lọ́rì ìṣeré rẹ̀. Mo ní kò burú. Lọ́rì gbọ́ràn lóòótọ́: ó lọ síwájú, ó yà sọ́tùn-ún. Àfi bó ṣe kọjú sí ìdí ààrò ìyá alákàrà, níbi tí epo ti ń hó, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó tì í.

Mo kígbe pé, "Dá a dúró!"

"Bàbá, mo ti fọwọ́ sílẹ̀ o! Kò dúró!"

Ẹsẹ̀ ni mo fi ti lọ́rì náà ṣubú. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú ò gbọdọ̀ pa ẹ́ńjìnnì nítorí pé awakọ̀ gbọ́wọ́ kúrò; ìdí nìyí tí ọ̀pá iná rẹ̀ fi ń dúró síbi tí a bá fi í sí. Ní ti lọ́rì, àárín ni ìdúró, òkè ni iwájú, ìsàlẹ̀ ni ẹ̀yìn. Ọ̀pá tí kò bá padà sí àárín fúnra rẹ̀, ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì ni.

A yọ bátìrì, a tú ẹ̀yìn rìmóòtù. A rí irin pẹlẹbẹ tó ń tẹ eyín ọ̀pá náà, tí kì í jẹ́ kó yẹ̀. A yọ ọ́. A fi apá kékeré àti sípíríǹgì sípò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lára ọ̀pá kejì. Ó ku ká tún àárín tò. Agbàròyìn inú ọkọ̀ ń ta ẹ̀rọ iná lólobó ní bí ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Títa kan kì í ju ìdá kan sí méjì lọ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ìdá kan àti ààbọ̀ ni àárín, ibẹ̀ ni táyà gbọ́dọ̀ ti dákẹ́. A gbé lọ́rì lé orí bíríkì, kí táyà má kanlẹ̀, ká tó dán an wò. Ọmọ náà tì í síwájú, ó fọwọ́ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ wẹ́lo.

Ó bojú wò mí. Mo rántí ọkọ̀ agolo mi. Ọ̀nà ti jìn láti orí ọ̀pá dé orí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló wà níbẹ̀: bí ọwọ́ bá kúrò, kí ọkọ̀ dúró.