Ìwọ̀n Ẹrù, Ìwọ̀n Ara: Bí A Ti Ń Díwọ̀n Iṣẹ́ Ọmọ Ogun

Ní Ìkẹjà, ohun gbogbo ni a ń wọ̀n. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní àwọn ọdún 1950 ni ọ̀gá iṣẹ́ ti ń ka iye páálí tí òṣìṣẹ́ dì ní wákàtí kan, tí alábàárù Agége sì ń gba owó lórí iye àpò tí ó rù. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè iye ìgbà tí ọkàn ẹni náà lù. Ibùdó ológun Ìkẹjà kò jìnnà sí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n nítorí ìbúgbàù 27 January 2002, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojoojúmọ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò: bí a ti ń kọ́ ara ènìyàn títí yóò fi lè ru ẹrù, kí ó rìn, kí ó sì jà. Kí gan-an ni a ń wọ̀n nígbà tí a bá ń wọn iṣẹ́ yìí?

Ní ayé ìjọba amúnisìn, ìdáhùn rọrùn. Kí mọ́tò tó pọ̀, orí ènìyàn ni ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ogun West African Frontier Force fi ń kó ọta àti oúnjẹ wọn kiri. Nǹkan bí 60 pọ́n-ùn, ìyẹn kílógíráàmù 27, ni wọ́n kà sí ẹrù ènìyàn kan, débi pé ẹrù orí fúnra rẹ̀ di òṣùwọ̀n: bí ọ̀gágun bá fẹ́ mọ iye alábàárù tí òun yóò gbà síṣẹ́, iye ẹrù ni yóò kọ́kọ́ kà. (Mo ní 'gbà síṣẹ́', ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a fi tipátipá mú.) Ní 1917, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà ní agbègbè odò Rufiji ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, òjò ba ọ̀nà jẹ́, wọ́n sì bu oúnjẹ wọn kù gidigidi. Òṣùwọ̀n ẹrù kò mọ̀ bóyá ẹni tí òṣùká wà lórí rẹ̀ jẹun tàbí kò jẹun.

Ogun Bọ́mà ni ó fi àléébù òṣùwọ̀n yìí hàn kedere. Ní 1944, ẹgbẹ́ ogun kẹta ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nínú èyí tí bàtálíọ̀nù kẹfà, ìkeje àti ìkejìlá ti Nigeria Regiment wà, bá àwọn àkànṣe ọmọ ogun Ọ̀gágun Wingate lọ, àwọn tí a mọ̀ sí Chindit. Wọn a wọ inú igbó lẹ́yìn àwọn ará Jàpáàn, ọkọ̀ òfurufú a sì máa ju oúnjẹ sí wọn. Bí oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹrù ẹ̀yìn ọmọ ogun kan lè tó 70 pọ́n-ùn. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ àwọn Chindit ni K-ration ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí kò ju nǹkan bí 2,800 kálórì lọ lóòjọ́. Fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Oṣù mélòó kan ni a fi jẹ ẹ́. Àwọn ọ̀gá mọ iye máìlì, wọ́n sì mọ iye pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n wọn kò ní òṣùwọ̀n fún bí ara ti ń joro lójoojúmọ́. Ní July 1944, John Masters, tí ó ń darí ẹgbẹ́ ogun 111, ní kí àwọn dókítà yẹ gbogbo ènìyàn rẹ̀ wò. Nínú nǹkan bí 2,200, 118 péré ni ara wọn ṣì lè ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ ogun yẹn kì í ṣe ti àwọn ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n irú ogun kan náà ni gbogbo wọn jà. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Àṣàyàn ọmọ ogun ni wọ́n, tí a ti fi ìrìn gígùn kọ́ ní Íńdíà. Wọ́n wọn ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni.

Lẹ́yìn ogun náà ni ìwádìí tí ó kàn wá jù lọ dé, ní òye tèmi. Ní Parris Island ní Amẹ́ríkà, ooru ń dá àwọn ọmọ ogun tuntun dùbúlẹ̀ nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Constantin Yaglou àti David Minard ṣe òṣùwọ̀n kan, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 1957. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi wọn ooru: èkíní wà ní gbígbẹ, èkejì wà nínú òbìrìkìtì dúdú tí oòrùn ń pa, ẹ̀kẹta ni wọ́n sì fi aṣọ tútù wé. Bí a bá pín àpapọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, ti aṣọ tútù nìkan gba méje. Ìdí rẹ̀ ni pé bí òógùn kò bá gbẹ, ara kò lè tutù. Ẹni tí ó bá mọ bí afẹ́fẹ́ Ìkẹjà ti máa ń rí ní ọ̀sán lẹ́yìn òjò yóò mọ ohun tí mo ń sọ: máìlì mẹ́ta níbẹ̀ kì í ṣe máìlì mẹ́ta àfẹ̀mọ́júmọ́ ọyẹ́.

Nígbà tí Kenneth Cooper, dókítà ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà, gbé ìdánwò eré ìṣẹ́jú 12 jáde ní 1968, ọ̀nà ni ó ṣì ń wọ̀n. Ní Kánádà ní 1975, Eric Banister àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ là á yé wa pé iṣẹ́ kan náà ni ó ń bí okun àti àárẹ̀, àti pé ohun tí a ń rí lọ́jọ́ ìdánwò ni ìyókù tí a bá ti yọ àárẹ̀ kúrò lára okun. Àárẹ̀ a máa tètè lọ; okun a máa pẹ́ díẹ̀. Ìdí nìyí tí ìsinmi fi jẹ́ apá kan iṣẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ológun kò fẹ́ gbọ́.

Gunnar Borg ti Súwídìn ní tirẹ̀ ní kí a bi ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ léèrè. Iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 6 dé 20, nítorí pé bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, ó súnmọ́ iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni Carl Foster lo iye láti 0 dé 10, tí ó sì sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú: 60 ìṣẹ́jú iṣẹ́ tí ó le tó 7 jẹ́ 420. Bí 420 bá di 800 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ kí eegun tó mọ̀. Owó rẹ̀ kò ju ti ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí àwọn ará Súwídìn kò fi bẹ́ẹ̀ ní. Láàárín tiwa, bí ọ̀gá bá bi ọmọ ogun tuntun léèrè bí iṣẹ́ náà ti le tó, ta ni yóò dáhùn pé ó le? 'Kò le rárá, sà' ni ìdáhùn, ì báà jẹ́ pé orúnkún ń gbọ̀n. Nítorí náà ni èmi kò fi gbà pé ìbéèrè nìkan tó. Kí a ka lílù ọkàn pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá wọn sì gba iye náà lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kúrò lórí ìlà, kí ẹnìkejì má baà gbọ́.