Àáró, Ọ̀wẹ̀ àti Àgbàṣe: Orúkọ Tí Ó Yẹ Àwọn Àjọ Tí Ń Ran Ilé-Ìwé Lọ́wọ́

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí yóò bá sì fi èdè Yorùbá sọ àwọn àjọ ẹ̀kọ́ ẹlẹ́kùnjẹkùn tí ń bẹ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lórúkọ, ó yẹ kí ó farabalẹ̀ wo agboolé tí a bí wọn sí. Láàárín ìjọba ìpínlẹ̀ àti ilé-ìwé ni ibùgbé wọn. New York dá tirẹ̀, tí a mọ̀ sí BOCES, sílẹ̀ ní ọdún 1948. 20 ni ti Texas. Iowa fi òfin gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1974, 9 sì ni wọ́n lónìí. Wọn kò lágbára láti bu owó-orí lé ẹnikẹ́ni, ti Texas kò sì ní àṣẹ kankan tí yóò fi de ilé-ìwé lọ́wọ́. Ìrànwọ́ ni a torí rẹ̀ bí wọn.

Iowa ni mo fẹ́ kí a dúró sí. Àgbègbè ilé-ìwé tí ó wà níbẹ̀ lé ní 300, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ìletò tí oko àgbàdo yí ká, tí ọmọ ibẹ̀ kò tó nǹkan. Irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè gba onímọ̀ etí kí ó máa sanwó oṣù fún un yípo ọdún, nígbà tí ó jẹ́ pé ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa níbẹ̀ lè má ju ẹyọ kan lọ. Àjọ ẹkùn ni ó ń gbà á, òun ni ó sì ń rán an kiri. Yóò wọ yàrá kékeré kan tí ariwo kò dé, yóò fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo ọmọ ní etí méjèèjì, yóò ní kí ọmọ náwọ́ sókè nígbàkúùgbà tí ó bá gbọ́ ìró, bí ó ti wù kí ìró náà kéré mọ. Bí ọwọ́ kò bá sì dìde nígbà tí ó yẹ kí ó dìde, yóò kọ ọ́ sínú ìwé, a ó sì wá mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n ti ń pè ní olóríkunkun, etí ni kò gbọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Irú àjọ yìí ni àwọn ògbufọ̀ wa ń pè ní “aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́” tàbí “alábòójútó”, orúkọ náà kò sì bá ọmọ mu rárá. Alábòójútó tí a mọ̀ ní ilẹ̀ wa ni ẹni tí í dé láìròtẹ́lẹ̀, tí gbogbo tíṣà í sáré wá ìwé ètò iṣẹ́ wọn nígbà tí wọ́n bá gbóhùn ọkọ̀ rẹ̀. Ẹkùn ètò ẹ̀kọ́ mẹ́fà ni Ìpínlẹ̀ Èkó ní, ẹni tí ó sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ akọ̀wé àgbà ìjọba; àṣẹ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀tọ́ sì ni kí á fi orúkọ àṣẹ pè é. Kí á wá mú orúkọ náà lọ bọ ti Texas lọ́rùn, àṣìwí pátápátá ni.

Bẹ́ẹ̀ èdè wa kò tálákà ọ̀rọ̀. “Ìfọwọ́sowọ́pọ̀” ni gbogbo ìwé ìròyìn ń lò, ó sì ti gba ohun gbogbo mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sọ ohun kan ní pàtó mọ́. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ti là á sí ọ̀nà kó tó di pé ìwé dé. Nínú àáró, àwọn ẹgbẹ́ tí agbára wọn dọ́gba ni í pàdé: lónìí oko Àjàní, lọ́túnla oko Àkànbí, títí yóò fi kárí, ẹni tí a bá roko gbọ́dọ̀ padà wá bá wa roko. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí i: ẹnì kan ló bẹ ènìyàn, bí ọkùnrin tí í kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ bá àna rẹ̀ roko, oúnjẹ àti ẹmu ni a fi ń gbà wọ́n lálejò, kò sì pọn dandan kí onílé fi ọjọ́ kan san ọjọ́ kan padà. Àwọn àgbègbè ilé-ìwé New York tí wọ́n dáwó jọ ra ohun tí apá ẹnì kan kò ká, tí olúkúlùkù sì ń jẹ nínú rẹ̀ bí ó ti kàn án, àáró gan-an ni wọ́n ń ṣe. Nítorí náà, “àjọ aláàáró ẹ̀kọ́” ni mo fi lélẹ̀.

Sísọ ipò aṣíwájú nínú àjọ wọ̀nyí lórúkọ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olórí ń jẹ́ olórí nítorí pé a fi í jẹ. Aṣíwájú ń jẹ́ aṣíwájú nítorí pé àwọn kan gbà láti tẹ̀ lé e, ẹni tí kò bá sì ní àṣẹ lọ́wọ́, ọ̀nà kejì yìí nìkan ni ó kù fún un. Ẹ wo olùkọ́ àgbà tí àjọ rán wá: ẹ̀yìn kíláàsì ni ó ń jókòó sí, kò dá sí ẹ̀kọ́, ó ń ka iye ìbéèrè tí olùkọ́ bi, ó ń ṣọ́ ọmọ tí ó dáhùn àti èyí tí kò la ẹnu láti àárọ̀, nígbà tí agogo bá lù, àwọn méjèèjì á jọ jókòó wo ohun tí ó kọ, ọ̀gá ilé-ìwé kò sì sí níbẹ̀. “Akọ́nimọ̀ọ́gbá” kò lè jẹ́ orúkọ rẹ̀, ti eré bọ́ọ̀lù nìyẹn. “Alábàárìn olùkọ́” tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní ọdún 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ gbogbo fún odidi ọdún mẹ́fà, yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ẹnu ọmọdé ni wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ wò. Iwájú àwọn òbí Yorùbá tí ń gbé Houston, níbi tí àjọ ẹkùn kẹrin Texas wà, ni mo fẹ́ kí a gbé àwọn orúkọ tiwa náà lọ láti dán wọn wò.

Ṣùgbọ́n agboolé a máa yí padà. Ní ọdún 2024, Iowa ṣe òfin tuntun: owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ àti ti ohun èlò ẹ̀kọ́, tí ó ń wọ ọwọ́ àjọ tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ sí ọwọ́ àgbègbè ilé-ìwé, wọ́n sì lè fi ra iṣẹ́ lọ́wọ́ àjọ tàbí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ti àwọn ọmọ tí wọ́n nílò ìtọ́jú ọ̀tọ̀ nìkan ni èyí tí ó pọ̀ jù ṣì ń dé ọwọ́ àjọ. Ẹni tí a bá dúnàádúrà, tí ó ṣiṣẹ́ tí ó gbowó, alágbàṣe ni Yorùbá ń pè é. Orúkọ méjì ni mo rò pé ó tọ́ sí Iowa báyìí: kí á máa pe iṣẹ́ onímọ̀ etí àti irú rẹ̀ ní àáró, kí á sì máa pe ẹ̀kọ́ tí ilé-ìwé fowó rẹ̀ rà ní àgbàṣe, kí òbí tí ó bá ka ìwé tí a kọ ránṣẹ́ sí i lè mọ èyí tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀, kí ó sì mọ ẹni tí yóò lọ bi.