Ohun tí Ń Bọ́ Koríko kí Koríko tó Bọ́ Màlúù

Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ìlèwó, ti ilé àti ti ẹ̀yìn odi, bí a bá dá ọ̀rọ̀ màlúù sílẹ̀ lóde òní, ọ̀rọ̀ oko olóko tí màlúù jẹ ni a sábà máa ń sọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìhà Gúúsù péjọ ní Àsábà, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan pé kí dída màlúù káàkiri dópin. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n màlúù tí a bá sé mọ́ ojú kan, kí ni yóò máa jẹ lọ́dọọdún tí ilẹ̀ náà kò fi ní ṣá?

Àwọn baba wa mọ̀ pé ilẹ̀ a máa rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ro oko kan fún ọdún díẹ̀, wọn a fi í sílẹ̀ kí igbó tún hù, títí yóò fi padà di ilẹ̀dú. Wọn kò rí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn ará Jámánì méjì, Hellriegel àti Wilfarth, ni wọ́n fi hàn ní àwọn ọdún 1880 pé àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú kókó wẹ́wẹ́ tí ó wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ní 1888, Beijerinck, ará Họ́láńdì, yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n ń mú naitirójìnì láti inú afẹ́fẹ́, èyí tí ewéko kankan kò lè dá mú, wọ́n sì ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún gbòǹgbò; gbòǹgbò náà sì ń fi ṣúgà san án fún wọn. Ẹ hú ẹ̀wà kan kí ẹ la kókó rẹ̀ wò: bí inú rẹ̀ bá pupa, wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1920, àwọn òyìnbó oníṣẹ́ àgbẹ̀ gbin irú wèrèpè kan tí kì í yún ni, wọ́n sì ro ó mọ́lẹ̀ láti fi sọ ilẹ̀ jí. Ó ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ àwọn àgbẹ̀ wa kò tẹ̀lé e, n kò sì dá wọn lẹ́bi: ta ni yóò gbin ohun tí ẹnu kò lè jẹ, kí ó tún fi ọkọ́ sin ín?

Màlúù ni ẹnu tí ó lè jẹ ẹ́. Ní àwọn ọdún 1980, àjọ ILCA bá àwọn Fúlàní darandaran ṣiṣẹ́ ní agbègbè Kàdúná. Wọ́n sọ ọgbà yí nǹkan bíi héktà mẹ́rin ká, wọ́n gbin Stylosanthes, tí í ṣe ìbátan ẹ̀wà, sínú rẹ̀, wọ́n sì fi í pamọ́ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àgbàdo tí a gbìn sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà yọ ju ti ilẹ̀ mìíràn lọ. Àrùn ewé bá irú Stylosanthes kan jà gidigidi, ni wọ́n fi yí sí òmíràn tí ó lágbára jù ú lọ.

Ọgbà nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ yìí. Bí màlúù bá jẹ ewé kan ilẹ̀, gbòǹgbò kò rí ṣúgà fún àwọn kòkòrò náà mọ́, kókó á sì kú. Bí pátákò bá tẹ ilẹ̀ le, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé.

Ilé ìtajà àti báńkì ti gba Òkè-Ìlèwó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ṣì ní ilẹ̀ ìdílé lóko. Bí ẹnikẹ́ni bá wá tọrọ rẹ̀ fún màlúù, kí a béèrè ohun tí yóò gbìn síbẹ̀ àti oṣù mélòó tí ilẹ̀ yóò fi máa sinmi. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1988 ní ẹ̀ka kan fún ìmọ̀ koríko ẹran. Ọ̀nà Àlàbàtà ni ó wà.