Ìmọ́lẹ̀ Tí Ń Di Iná Mànàmáná: Láti 1839 dé Orí Òrùlé Accra

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn, kì í ṣe ooru rẹ̀, ni páànẹ́lì sólà ń sọ di iná mànàmáná. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní ìlú bí Accra, nítorí ooru a máa dín iṣẹ́ náà kù: bí páànẹ́lì sílíkọ́nì bá ti gbóná ju ìwọ̀n 25 Celsius lọ, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá lé sí i ń mú nǹkan bí 0.3 sí 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú agbára rẹ̀. Àdánù kékeré kọ́ nìyẹn lórí páànù tí oòrùn ọ̀sán ń pa.

Edmond Becquerel, ará Faransé tó jẹ́ ẹni ọdún 19, ló kọ́kọ́ kíyè sí i ní 1839 pé iná mànàmáná ń ṣàn láàárín irin pẹlẹbẹ méjì inú omi kẹ́míkà nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn wọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Ní 1905, Albert Einstein ń ṣàlàyé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde lára irin, ó sì sọ pé ẹyọ ẹyọ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbé agbára rẹ̀ wá. Nínú sílíkọ́nì, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í jáde síta. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan a tú u sílẹ̀ ní ipò rẹ̀, ààlà tó wà láàárín ìpele sílíkọ́nì méjì tí a po èròjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ a sì tì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson ti Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà ló fi sílíkọ́nì ṣe èyí àkọ́kọ́ tó wúlò, ní 1954. Ó ń sọ nǹkan bí 6 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná.

Omi ni Ghánà gbójú lé ní tirẹ̀. Kwame Nkrumah ṣí ìsédò Akosombo ní oṣù kìíní 1966. Nígbà tí omi nìkan kò tó mọ́, wọ́n fi gáàsì kún un, èyí tí ọ̀pá kan ń gbé láti Itoki ní Ìpínlẹ̀ Ògùn gba abẹ́ òkun lọ sí Tema àti Takoradi. Ní oṣù kẹjọ 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi kan ba ọ̀pá náà jẹ́ ní etíkun Tógò. Èyí wà lára ohun tó fa dumsor, ọ̀rọ̀ Akan tó túmọ̀ sí kí iná kú kí ó tún tàn. Òǹkàwé láti Nàìjíríà kò ní nílò àlàyé. Ní oṣù karùn-ún 2015, òṣèré Yvonne Nelson kó èrò jáde ní Accra lálẹ́ láti fẹ̀hónú hàn.

Volta River Authority ti kọ́ ilé iṣẹ́ sólà mẹ́gáwáàtì 2.5 sí Navrongo ní 2013. Ní 2016 ni ìjọba wá gbé ètò orí òrùlé kalẹ̀: ìjọba yóò fi páànẹ́lì tí kò ju wáàtì 500 lọ ran onílé lọ́wọ́, onílé yóò sì fi owó ara rẹ̀ ra bátìrì àti ìyókù. Ibẹ̀ ni ìṣòro ètò náà wà, nítorí ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, ni Ghánà ń lo iná jù.